Ọmọ Tó Ń Kàwé, Tó sì Ń Dá Rò: Ìbéèrè Àwọn Òbí ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí àti alágbàtọ́ máa ń béèrè jù láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, Ajàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kúrú. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí la pẹ́ sí. Kí ẹ tó kà á jìnnà, ẹ mọ ibi tí a dúró: ẹnu ni ìwé kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nílé, ìwé á nira fún un, kó dá èrò ara rẹ̀ rò á sì tún nira jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà wo ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún ọmọ mi?

Láti ìgbà tí ẹ bá ti gbé e dé láti ilé ìwòsàn, àmọ́ kì í ṣe ìwé lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Oríkì ni. Nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, tí ẹ ń fi òrí pa á lára, ẹ kì í. Ẹ pè é lórúkọ, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un. Bó bá dáhùn pẹ̀lú «àgúù», ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún dá a lóhùn. Ọmọ ọwọ́ ń tibẹ̀ kọ́ pé ọ̀rọ̀ ní ìgbà tèmi, ó ní ìgbà tìrẹ.

Bó bá tó oṣù mẹ́fà, ẹ gé páálí líle sí ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ lẹ àwòrán adìẹ, igbá, mọ́tò àti ojú ènìyàn mọ́ ọn. Ó máa fi sẹ́nu, ó máa fà á ya. Kò sí ìbàjẹ́ nínú ìyẹn, bí ọmọ ọjọ́ orí yẹn ṣe ń yẹ nǹkan wò nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó fún un lẹ́ẹ̀kan. Bó bá yí ojú kúrò, ẹ pa á dé.

Ọmọ mi ti pé ọdún méjì, kò tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ṣé ká dúró?

Ẹ má dúró. Bí ọmọ bá tó oṣù méjìlá, ó yẹ kó máa yíjú bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kó máa juwọ́, kó máa nàka sí nǹkan tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù kejìdínlógún, ó yẹ kó ti ń rìn, kó sì ti ní ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Ní ọdún méjì, ó yẹ kó máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: «mu omi», «màmá dà». Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Òkè-Ọ̀sẹ́ ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké sábà máa ń darí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí.

Pé etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Etí tó ń ṣọyún lemọ́lemọ́ máa ń mú kí ọmọ má gbọ́ dáadáa. Ibà pọ́njú tó le lẹ́yìn ìbí, èyí tí ojú àti ara ọmọ tuntun ń di yẹ́lò, lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́ bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Nítorí èyí, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè bá káńfọ̀ ṣe: òórùn rẹ̀ á máa ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ibà pọ́njú á sì tẹ̀ lé e. Àwọn aṣọ tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ara ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń ní in. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì sá wọn dáadáa sóòrùn kí ẹ tó wọ̀ wọ́n fún ọmọ.

Ní ti àwọn tó ní ahọ́n ọmọ ló so mọ́lẹ̀, pé kí wọ́n fi abẹ gé e: ahọ́n tó so kì í dá ọmọ dúró pé kó má sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ẹnu ọmọ yín nílé.

Ṣé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa sọ sí i kó lè tètè mọ̀wé?

Èdè tí ẹ gbọ́ jù ni kí ẹ sọ. Òbí tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá a lójú bá ọmọ sọ̀rọ̀ kì í kọjá «come», «sit down», «don't touch». Àṣẹ nìkan lọmọ ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò gbọ́ àlàyé, kò gbọ́ ìtàn, kò gbọ́ àwàdà. Àlàyé àti ìtàn yẹn gan-an ni orí fi ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ti dán an wò ní ilẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Èdè méjì kì í da orí ọmọ rú. Bó bá pa wọ́n pọ̀ nínú gbólóhùn kan, tó ní «mo fẹ́ go», ẹ tún un sọ fún un lódindi, «ó fẹ́ lọ? Níbo lo fẹ́ lọ?», kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ. Ẹ má bá a wí.

Ìgbómìnà là ń sọ nílé. Ṣé kò ní jẹ́ kí Yorùbá inú ìwé le fún un?

Rárá. Bó bá di pé ìwé sọ ọ́ báyìí, ìyá àgbà sọ ọ́ báyìí, ẹ fi hàn án pé ọ̀nà méjèèjì ló dára. Ọmọ tó mọ̀ pé ọ̀nà méjì wà láti sọ ohun kan náà ti ń ronú nípa èdè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà kan ẹni tó ń sọ Ìbọ̀lọ́, tàbí Nupé, tàbí Fúlàní nínú ilé.

Ó ń rẹ ọmọ mi jù láti kàwé. Ṣé oúnjẹ ni?

Oúnjẹ lè wà níbẹ̀, oorun sì lè wà níbẹ̀. Oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ sọ.

Ọmú nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo, títí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ pẹ̀lú ọmú títí ọdún méjì ó kéré tán. Ibi tí ó ti ń wọ́ ni ògì: ògì ṣíṣàn lásán ń kún inú ni, kò fún ọmọ lókun. Ẹ lo ìwọ̀n yìí: ife mẹ́fà àgbàdo tàbí ọkà bàbà, ife mẹ́ta sóyà, ife kan ẹ̀pà. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó ti bu kúrò, ẹ dà á nù pátápátá. Oró tó wà nínú bíbu yẹn kì í kúrò bí ẹ bá sè é. Ẹ se sóyà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a, kí ẹ tó yan án. Sóyà tútù máa ń dí ara lọ́wọ́ láti lo èròjà inú rẹ̀, ó sì máa ń yọ inú ọmọ lẹ́nu. Ẹ yan àgbàdo àti ẹ̀pà náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ro ó, kó ki débi pé kò ní ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Ṣíbí kékeré epo pupa kan lé e lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyin, ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúná, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà káàkiri Ìlọrin dára gan-an fún ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, bí wọ́n bá sè é tàbí dín in tó jinná. Ọ̀rọ̀ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ lébi nínú ilé tí adìẹ wà.

Ní ibùdó ìlera, wọ́n ní téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ pupa, ìyẹn kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni, kì í ṣe ọ̀la. Sẹ̀ǹtímítà 11.5 sí 12.4 jẹ́ yẹ́lò, ó ń fẹ́ àbójútó. Ẹ má sì jẹ́ kí fítámì A tó wà fún gbogbo oṣù mẹ́fà kọjá yín, àti oògùn aràn láti ọmọ ọdún kan.

Ṣé lóòótọ́ ni pé tìróò lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́?

Òótọ́ ni, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ àwọn ìyá àgbà nínú. Ọ̀pọ̀ tìróò tó wà lọ́jà ni òjé wà nínú rẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á fi ọwọ́ sẹ́nu, òjé á wọ ara. Kò ní í ṣàìsàn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni ọmọ tí kò lè dúró lójú kan, tí ẹ̀kọ́ ń le fún. Òjé yìí kan náà ló pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú ilé. Ìyẹn pọ̀ ju ti tìróò lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n òjé tó dára fún ọmọdé. Ojú ọmọ kò nílò nǹkan kan yàtọ̀ sí omi mímọ́. Bátìrì mọ́tò tí wọ́n ń tú nínú ọgbà ilé náà kì í ṣe ohun tí ọmọ ń bá ṣeré.

Ilé ìwé láàárọ̀, ilé kéwú nírọ̀lẹ́, lẹ́sìnnì lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà wo ló fẹ́ sùn, ìgbà wo ló fẹ́ kàwé?

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, tí a bá ka oorun ọ̀sán mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò 9 sí 12. Bó bá gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́fà, aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ni kó ti wà lórí ẹní, ó pẹ́ tán aago mẹ́sàn-án. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, inú oorun lẹ ti ń yọ ọ́, ohun tó sì kọ́ lójúmọ́ yẹn kò ní dúró dáadáa, nítorí inú oorun ni orí ti ń to ẹ̀kọ́ jọ.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti ń lọ sí ilé ìwé àti ilé kéwú, lẹ́sìnnì ni kí ẹ yọ. Èrò tiwa nìyẹn, a kò fi bò. Ìdajì wákàtí eré láàárín méjèèjì kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò. Ọmọ tó ti tó ọdún márùn-ún yẹ kó ní wákàtí kan tó fi ń sáré, tó ń fò, tó ń làágùn lójoojúmọ́. Ẹ fi ìwé kíkà sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣáájú oorun. Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀pọ̀ ilé kéwú fi ń sinmi ni kí ẹ fi lọ ibi tí ìwé wà, tàbí kí ẹ fi ṣe èyí tó gùn.

Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọmọ ní Yorùbá kíkà nílé, bí ilé ìwé kò bá kọ́ ọ?

Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lè bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ dára ju wákàtí kan ní Sátidé.

Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Yorùbá ní. C, q, v, x, z kò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ àti gb wà níbẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé àwọn òbí ń fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pe lẹ́tà: «ee, bii, sii». Ọmọ á wá rí «bàtà», á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé «bii-ee-tii-ee», kò ní dé ibi bàtà láéláé. Ohùn ni kí ẹ kọ́ ọ, kì í ṣe orúkọ.

Ẹ fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀: a, i, o, u. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá ti dá a lójú, ẹ mú e àti ẹ wá, lẹ́yìn náà o àti ọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí, torí pé àmì kékeré abẹ́ ni ó ya wọ́n. Ẹ kọ ọ́ ní méjì-méjì kó rí i: oko, ọkọ, owó, ọwọ́, ètè, ẹ̀tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ya owó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá ti rí i pé àmì yẹn ló sọ owó di ọwọ́, kò ní fojú fò ó mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo kún un lẹ́ẹ̀kan: ba, bi, bo, bu. B, d, l, t, k, m tó fún oṣù àkọ́kọ́, nítorí wọ́n ti lè fi wọ́n ka bàbá, bàtà, ata, ilá, adé, àdá, kúkú, mámà. Ẹ jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ láti ọjọ́ kejì. Ọmọ tó ń pe «ba bi bo» fún oṣù mẹ́ta láìka nǹkan kan ń kọrin ni. Ẹ fi gb sí ìkẹyìn, kí ẹ sì kọ ọ́ bíi lẹ́tà kan, kó má pè é ní g kó tó pe b.

Ohùn wá kù: dò, re, mí. Ẹ má fi àmì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi etí bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ kùn ún: igbá (re mí), igba (re re), ìgbà (dò dò). Kó sọ èyí tí ẹ kùn. Bí gángan bá wà nílé, ẹ lù ú. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti yà wọ́n, ẹ wá fi hàn án pé àmì tó ń gòkè ni mí, àmì tó ń sọ̀ ni dò, èyí tí kò ní àmì ni re. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ á máa pa á lẹ́rìn-ín.

Fáwẹ̀lì àránmúpè ni ó kẹ́yìn: an, ẹn, in, ọn, un. Ibi tó ti ń ṣe ọmọ bákan ni kó ka «ọ̀nà» bíi «ọ̀n-à». Ẹ sọ fún un pé bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé n, ti iwájú ló ń bá lọ.

Ọmọ mi ń kọ b bíi d, ó sì ń kọ nọ́ńbà sódì. Ṣé kéwú ló da á láàmú, torí pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ ọ́?

Kì í ṣe kéwú. Àwọn ọmọ tí kò rí wàláà rí láyé wọn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méje. Ẹ fi àmì kan sí ibi tí ojú ìwé ti bẹ̀rẹ̀: àmì pupa sí apá òsì ìwé ilé ìwé, àmì ewé sí apá ọ̀tún ìwé kéwú. Bó bá kọjá ọdún mẹ́jọ tó ṣì ń ṣe é, tó sì ń jà pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń kà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí ẹ sì bá tísà rẹ̀ jókòó. Ọ̀lẹ kọ́ ni.

Ó ń ka ìwé já fáfá, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í, kò mọ ohun tó kà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ló ní àkọ́sórí tó lágbára, ilé kéwú ló fún wọn, ẹ̀bùn ńlá sì ni. Àmọ́ ẹni tí àkọ́sórí bá rọrùn fún lè fi rọ́pò òye láìmọ̀. Ẹ má gba àkọ́sórí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi èkejì kún un.

Kó tó kà á, ẹ wo àwòrán, ẹ bi í pé kí ló rò pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Láàárín, ẹ dúró lẹ́ẹ̀mejì péré. Bí ẹ bá ń dá a dúró lórí gbogbo ìlà, ìtàn á kú. Ẹ béèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí lójú ìwé: «Kí ló dé tí Ìjàpá fi parọ́ fún Yánníbo?» «Ká ní ìwọ ni, kí lo máa ṣe?» Lẹ́yìn rẹ̀, kó pa ìwé dé, kó sọ ọ́ fún ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀. Bó bá sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó ti yé e. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ní Yorùbá, kó má bẹ̀rù. Bí òye bá wà, èdè á bá a.

Bí kò bá lè sọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà le jù. Ẹ jẹ́ kó ka ojú ewé kan, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka márùn-ún bá tán kí ojú ewé tó tán, ẹ gbé e sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ̀yin kà á fún un.

Kò sí ìwé nílé, owó ìwé sì ti le.

Ẹ ṣe tiyín. Bébà mẹ́rin, ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí méjì láàárín, ojú ewé mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ilé ìtẹ̀wé nígboro máa ń ní ègé bébà tó ṣẹ́ kù, ẹ bi wọ́n. Ẹ gé páálí tó tóbi ju bébà lọ díẹ̀ fún èèpo. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò mẹ́ta lójú ibi tí wọ́n ti pa á, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ ki òwú bọ àárín láti inú, ẹ mú un wọ inú lókè, ẹ tì í síta nísàlẹ̀, kó tún wọ inú láàárín, kí ẹ so ó pẹ̀lú ìdí òwú. Stéépùlù rọrùn jù, àmọ́ ó máa ń dípẹtà, á sì gún ọmọ lọ́wọ́.

Ọmọ ni yóò sọ ìtàn, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ ọ́. Gbólóhùn kan lójú ewé kan, lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ kọ ohun tó sọ gan-an. Bó bá ní «ewúrẹ́ jẹ ẹ̀kọ wa, màmá lé e», ẹ má sọ ọ́ di gbólóhùn inú ìwé ilé ìwé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, yóò kà á ní ọjọ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́. Kó ya àwòrán fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe ọ̀kan lọ́sẹ̀, ilé á ti kún fún ìwé kí sáà ilé ìwé kan tó parí.

Ìyókù wà nígboro: orúkọ àdúgbò lára kẹ̀kẹ́ Márúwá, ara agolo mílíìkì, kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó tó wà lára ògiri gbogbo ilé ní Kwara. Ẹ jẹ́ kó máa kà wọ́n.

Ó mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá ẹ ti fi ìwé jẹ ẹ́ níyà rí: «O ò ní ṣeré mọ́, lọ mú ìwé rẹ!» Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe ń di ẹ̀wọ̀n. Èkejì, ta ló ń yàn án? Bó bá ń ka ìtàn bọ́ọ̀lù láti inú ìwé ìròyìn, ìwé kíkà ni. Ẹ̀kẹta, ta ló ti rí tó ń kàwé nínú ilé? Ọ̀pọ̀ ilé ni bàbá kì í ti mú ìwé lọ́wọ́ àyàfi ìwé ẹ̀sìn, tí ìyá sì ń kà á nígbà tí ọmọ ti sùn.

Bí iná bá lọ, fìtílà tó ń gba iná ni kí ẹ lò, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn èjìká wá. Ẹ má lo àbẹ́là lórí ẹní.

Fóònù ńkọ́?

Kò sí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún méjì. Láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Bó bá kéré sí i, ó tún dára. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé nìyẹn láti 2019. Kì í ṣe pé fóònù jẹ́ májèlé. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ni ìṣòro: oorun, eré, àti ẹnu tó ń dá a lóhùn.

Fún àwọn tó ti dàgbà tó ń gbọ́ ohùn WhatsApp tí ìyá àbúrò fi ránṣẹ́, ẹ kọ́ wọn ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀? Kí ló fẹ́ kí n ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ fi ara yín ṣe àpẹẹrẹ, ẹ má fi nǹkan ránṣẹ́ síwájú kí ẹ tó bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta yìí.

Bí mo bá ń jẹ́ kí ọmọ máa béèrè «kí ló dé», ṣé kò ní di aláfojúdi?

Ìbéèrè yìí ló ń dẹ́rù ba òbí jù, ẹ̀rù yẹn sì ní ìdí. Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kò ní rí àyè láàárín wa. Àmọ́ ọ̀wọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń béèrè, kò sí nínú kí wọ́n má béèrè. Àwọn tó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, wọn kò sọ pé kí ọmọdé dákẹ́.

Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn tí yóò lò: «Ẹ jọ̀ọ́, mà, kò tíì yé mi.» «Bàbá, ẹ má bínú, mo rí i lọ́nà mìíràn.» Kó lè kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kó sì wí tẹnu rẹ̀. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé àwọn àkókò kan wà tí a kì í béèrè: níbi iná, lójú títì, bí àgbà bá ní «dúró!». Ó máa dúró ná, á béèrè lẹ́yìn. Ọmọ tó mọ̀ pé àyè ìbéèrè ń bọ̀ kì í jà ní ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ tó ń pa ìbéèrè ni «Ta ló bi ẹ́?» àti ẹ̀rín níwájú àlejò. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni kí òbí máa yára dáhùn. Bí ẹ bá bi ọmọ ní nǹkan, ẹ ka ení dé àrún nínú kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti ń rò. Bí ẹ ò bá mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀, ẹ ní «mi ò mọ̀, jẹ́ ká lọ bi ẹni tó mọ̀», kí ẹ sì lọ ní tòótọ́.

Ẹ fún un ní ohun tó lè dá pinnu, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣe mọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta, aṣọ méjì, kó yan ọ̀kan, ẹ má béèrè «kí lo fẹ́ wọ̀?», torí pé yóò mú ti ọdún Iléyá jáde. Ọmọ ọdún mẹ́fà, kó di báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá gbàgbé ìwé, ẹ má gbé e tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kó lọ ra ata àti àlùbọ́sà lọ́jà àdúgbò, kó ṣírò ṣéńjì, kó ṣàlàyé ìdí tó fi ra ti ìyá yìí tí kò ra ti ìyá yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, owó ìpápánu ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ná an tán ní ọjọ́ Túsìdeè, kó fi gaàrí parí ọ̀sẹ̀. Ìpinnu tí kò bá lè ná an ní nǹkan kan, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Eré wo ló ń la ọmọ lọ́pọlọ?

Àlọ́ àpamọ̀, láìná kọ́bọ̀. «Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́»: ahọ́n. «Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́»: ọmọrógùn. Bí ọmọ bá ti mọ mẹ́wàá, ẹ ní kó pa tirẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ayò ọlọ́pọ́n náà, ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀: ọmọ ọdún méje lè ta á. Ẹ máa béèrè pé «kí lo rí tí o fi gbé ti ibẹ̀?» kó tó gbé e. Ẹ má sì máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ṣẹ́gun, ó máa ń mọ̀.

Ibo la lè mú wọn lọ ní agbègbè wa?

Èsìẹ́ ni ká fi ṣíwájú. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ló wà níbẹ̀ láti 1945, pẹ̀lú ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ohun tó dára níbẹ̀ fún ọmọ ni pé kò sí ẹni tó mọ dájú ẹni tó gbẹ́ wọn, nítorí náà èrò ọmọ náà ní àyè. Kí ẹ tó lọ, kó kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Níbẹ̀, kó yan ère kan ṣoṣo, kó yà á, kó wo irun rẹ̀, ohun tó mú lọ́wọ́, bó ṣe jókòó. Ọmọ tó sáré wo gbogbo rẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Ní Ìlọrin, àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, lápá Òkèlele, ń ṣiṣẹ́ ní gbangba. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan kékeré, kí ọmọ béèrè ìdí tí ìkòkò kan fi ń là nínú iná tí èkejì kò là.

Ta ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?

Ọmọ. Tísà fẹ́ mọ ohun tí kò yé e, bí ẹ bá bá a ṣe é, ẹ ti pa ìròyìn yẹn mọ́ tísà lójú. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ mú iṣẹ́ tiyín dání. Bó bá ní kò yé òun, ẹ ní «ka ìbéèrè náà sókè fún mi». Ìdajì ìgbà, ó máa yé e kó tó kà á tán. Bí iṣẹ́ bá ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré, ẹ dá a dúró, kí ẹ kọ ìwé sí tísà.

Ìyá àgbà tó ń tọ́jú wọn nílé kò mọ̀wé. Kí ló lè ṣe?

Ó lè ṣe púpọ̀. Kí ọmọ máa kàwé fún un ní alẹ́, kí ó máa béèrè «wọ́n ṣe é báwo?», «ẹ̀yìn náà ńkọ́?», nítorí pé kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ọmọ á ní ìdí gidi láti ṣàlàyé. Kí ó pàlọ́ fún wọn, kí ọmọ tó ti mọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé páálí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì kà á padà fún un. Bó bá ṣì í kọ, ìyá àgbà á sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òun ṣe wí, yóò tún un kọ. Ìwé náà kì í ṣe ti inú àpótí àgbà. Ẹ fi sínú apẹ̀rẹ̀ tí ọwọ́ ọmọ tó, kí ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ náà síbi tí òjò kò lè kán sí.